Ṣé ó yẹ kí oníṣòwò máa tẹ̀ lé ibi tí ọjà ń lọ?

Ìbéèrè

Soclogbo ni mo ti ń kọ̀wé yìí, láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Ìdàáṣà. Òwò àjàpá ni mò ń ṣe: mò ń ra sóyà, ẹ̀pà àti àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé wa, mo sì ń kó wọn lọ sí ọjà Glazoué. Ọmọkùnrin mi tó wà ní Cotonou máa ń wo iye owó nǹkan lórí fóònù. Ó ní, "Màmá, ohun tó bá ń gbówó lórí ni kí ẹ máa rà, ẹ tẹ̀ lé ọjà." Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú sóyà, ó jèrè débi pé ó fi páànù tuntun bo ilé rẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, n kò rí èrè kankan. Àpò mẹ́fà ṣì wà nínú yàrá mi tí n kò fẹ́ tà ní àdánù. Ìyá tó bí mi lọ́mọ ṣòwò títí ó fi darúgbó, kò sì tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ẹni tó bá ń sáré tẹ̀ lé ọjà, ẹ̀yìn ọjà ni yóò máa wà. Èwo ni kí n gbà? Ṣé títẹ̀ lé ọjà máa ń jẹ́ kí oníṣòwò rí ṣe, àbí orí ẹni ló ń ṣe é?

Ìyá ọlọ́jà kan, Soclogbo

Ìdáhùn

Ìbéèrè yín tọ́, ó sì jinlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi gbogbo ayé wọn wo ọjà ṣì ń bi ara wọn ní irú rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ yé, ohun tó ń rú yín lójú ni pé ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ṣe ohun kan náà, lórí ọjà kan náà, òun jèrè, ẹ̀yin ò jèrè. Ọmọ yín ní kí ẹ tẹ̀ lé ọjà, ìyá yín kò tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sì jọ òótọ́.

Ìdáhùn mi nìyí. Mímọ ibi tí ọjà ń lọ ń ran oníṣòwò lọ́wọ́ gan-an. Àmọ́ kí ènìyàn ra nǹkan kìkì nítorí pé iye rẹ̀ ti gòkè, ìyẹn ò fi nǹkan kan kún àǹfààní rẹ̀. Ohun tó ń fi kún un ni kí ẹ mọ ohun tó gbé iye náà gòkè, kí ẹ sì lè sọ bóyá ohun ọ̀hún yóò ṣì wà lọ́jọ́ tí àpò yín bá dé Glazoué.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ lò yìí, ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní lásìkò ìkórè, ní oṣù Kọkànlá, àpò sóyà ọgọ́rùn-ún kílò jẹ́ 20,000 sẹ́fà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ yín ra tirẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejì, ó ti di 25,000, ariwo ti ta, gbogbo ènìyàn ń sọ pé sóyà ń gòkè, ẹ̀yin náà wá ra tiyín. Owó àpò, owó alábàárù, owó ọkọ̀ láti Soclogbo dé Glazoué àti owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọjà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,500 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí ẹ jọ tà á, àpò kan jẹ́ 25,500.

Tirẹ̀ ná a ní 21,500, ó jèrè 4,000 lórí àpò. Tiyín ná yín ní 26,500, ẹ pàdánù 1,000. Ẹ sì wò ó, ọjà ò burú lọ́jọ́ náà o. Iye tí ẹ tà á tilẹ̀ fi 500 ju iye tí ẹ fi rà á lọ. Sóyà gòkè lóòótọ́, ọmọ yín ò parọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo gígòkè tó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó rà, àwọn tó ti rà ṣáájú ló ni ín. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ rà nìkan ló kàn yín, ó sì gbọ́dọ̀ ju 1,500 lọ kí ẹ tó lè pe nǹkan kan ní èrè. Nítorí náà ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín kò ṣe ohun kan náà. Ọjà kan náà lẹ rà, ọjọ́ kan náà lẹ tà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ rà á yàtọ̀, ibẹ̀ ni èrè pín sí.

Kì í ṣe pé ẹ lọ́ra. Ìròyìn tó dé etí yín náà ló dé etí àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún ní fóònù, ó ní àbúrò ní Glazoué, ó ní ìyekan ní Parakou. Kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ti mọ iye tí wọ́n tà á ní Ọjọ́rú tó kọjá, ìyẹn náà ni yóò sì pè fún yín. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Jenny Aker ṣèwádìí lórí ọjà ọkà ní orílẹ̀-èdè Niger láàárín ọdún 2001 sí 2006, nígbà tí òpó fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó rí i pé níbi tí fóònù bá ti dé, ìyàtọ̀ iye owó ọkà láàárín ọjà kan sí èkejì ń dín kù, ó tó ìdá 10 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni oúnjẹ alájàpá. Ẹni tó kọ́kọ́ ní fóònù jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ní in tán, ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ti wọ inú iye tí wọ́n ń pè. Fóònù ọmọ yín wúlò, kí ẹ má jù ú nù, nítorí kò ní jẹ́ kí wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ṣùgbọ́n kò lè fi yín ṣáájú àwọn yòókù, torí fóònù wà lọ́wọ́ àwọn náà.

Ó wá ku ohun tó ń gbé iye gòkè. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀, nítorí ohun tó ń gbé e kì í ṣe ọ̀kan, wọn kì í sì í pẹ́ bákan náà.

Èyí tó dájú jù lọ ni àsìkò, ẹ sì mọ̀ ọ́n ju èmi lọ. Lágbègbè Collines, àgbàdo àkọ́rọ̀ máa ń jáde ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ẹ̀pà náà ń bá a bọ̀, sóyà ń tẹ̀ lé wọn láti oṣù Kẹwàá títí di Kejìlá. Bó bá fi máa di oṣù Kẹrin sí Kẹfà, àká ti ń gbẹ, àgbẹ̀ tó ta àgbàdo ti ń padà wá ra àgbàdo. Gígòkè yìí kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, ọdọọdún ni. Ẹni tó rà nígbà tí àká kún tó sì tà nígbà tó gbẹ, òun náà ń tẹ̀ lé ọjà, àmọ́ iwájú ló wà. Mo gbà pé ohun tí ìyá yín ń ṣe nìyẹn. Wọn ò tẹ̀ lé ariwo, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n tẹ̀ lé.

Síbẹ̀ àsìkò náà ní ààlà. Ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Marshall Burke, Lauren Bergquist àti Edward Miguel, wo àwọn àgbẹ̀ tí àjọ One Acre Fund yá lówó lásìkò ìkórè, kí wọ́n má baà fi dandan ta àgbàdo wọn nígbà tó pọ̀ yamùrá. Àwọn àgbẹ̀ náà tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì tà á nígbà tó wọ́n. Èrè tó wọlé lórí owó náà tó ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kàn yín jù nínú ìwádìí wọn, tó jáde ní ọdún 2019, ni pé àdúgbò tí ènìyàn díẹ̀ ti gba owó náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jèrè dáadáa. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà á, gbogbo wọn tọ́jú àgbàdo, gbogbo wọn gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, iye rẹ̀ ò sì gòkè tó bó ṣe yẹ. Àwọn tó rà jàǹfààní, àwọn tó tọ́jú ò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan. Nítorí náà kí ẹ tó ra àgbàdo pamọ́, ẹ wo yàrá àwọn aládùúgbò yín. Bí gbogbo ilé ní Soclogbo bá kó àpò jọ dé àjà lọ́dún kan, ọdún yẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ kó tiyín jọ.

Ìdí kejì ni ọ̀nà jíjìn, ìyẹn nígbà tí àwọn tó ń ra nǹkan ní òkè òkun ló ń fa iye rẹ̀. Kajú ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Ìjọba Benin máa ń kéde iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà á kéré sí kí ọjà rẹ̀ tó ṣí lọ́dọọdún. Ní ọdún 2018, 650 sẹ́fà ni wọ́n kéde fún kílò kan. Ní ọdún 2019, 375 ni. Ẹ ronú nípa ẹni tó rí 650 yẹn, tó yáwó, tó kó àpò kajú jọ nítorí pé ọdún méjì ni iye rẹ̀ ti ń gòkè tí kò sẹ́ni tó rí i kó wálẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igi kajú ní Dassa tàbí ní Savè. Vietnam àti Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú kajú ilẹ̀ wa nígbà yẹn, ni àwọn oníbàárà ti fà sẹ́yìn. Wọ́n ti rà á wọ́n jù, wọn ò rí i tà ní iye tó gbé wọn. Ènìyàn lè wo ọjà Glazoué tọkàntọkàn ní gbogbo Ọjọ́rú kó má rí i, torí ibi tí okùn ti já kò sí ní Glazoué.

Àgbẹ̀ tó gbin kajú nítorí iye ọdún 2018 wá ní ìṣòro tó tún ju ti oníṣòwò lọ, nítorí igi náà kì í so kó tó di nǹkan bí ọdún kẹta. Nígbà tí gbogbo ẹni tó gbìn ín lọ́dún kan náà bá máa kórè, ọjà á ti kún. Ọ̀mọ̀wé Mordecai Ezekiel ṣàlàyé irú èyí ní ọdún 1938: iye ọ̀wọ́n tòní ń mú kí ènìyàn gbin púpọ̀, púpọ̀ yẹn ń já iye lulẹ̀ lọ́la, iye tó já ń mú kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó sì tún wọ́n. Ẹni tó ń wo iye ọdún tó kọjá láti mọ ohun tí yóò gbìn lọ́dún yìí ni yóò máa wà ní òdìkejì ọjà ní gbogbo ìgbà. Ìran Yorùbá ti rí irú rẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, iye kòkó fò sókè ní Èkó láti 1919 wọ 1920. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò dúdú kó owó lé e. Kí ọdún 1920 tó parí, ó ti já lulẹ̀, ilé òwò tó ti lórúkọ sì wó.

Ìdí kẹta ni ìjọba, òun ló ń dé láìkànlẹ̀kùn. Ní 20 oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Ó di 16 oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí àwọn kan, tí Sèmè wà lára wọn. Ẹni tó kó ẹrù jọ ní oṣù Keje 2019 nítorí pé àwọn oníbàárà Nàìjíríà ń ra gbogbo ohun tó bá jáde, ohun tó rí kì í ṣe irọ́, ìdí rẹ̀ ni wọ́n gé lójijì. Ní oṣù Kẹfà 2023 ẹ̀wẹ̀, ẹnubodè ṣí, ṣùgbọ́n náírà já wálẹ̀ gan-an, oníbàárà tó ń fi náírà wá ra nǹkan nílẹ̀ wa bá rí i pé owó rẹ̀ kò tún lè ra iye àpò tó ń rà tẹ́lẹ̀. Ní ti sóyà tí ẹ ń tà gan-an, ìjọba Benin ti fòfin de kíkó hóró rẹ̀ lásán lọ sí òkè òkun láti 1 oṣù Kẹrin 2023, kajú tẹ̀ lé e ní 1 oṣù Kẹrin 2024, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé lè máa fi wọ́n ṣe nǹkan nílé. Ohun tí òfin yẹn túmọ̀ sí fún yín ni pé àwọn tó lè ra sóyà lọ́wọ́ ọjà ti dín kù, ìpinnu àwọn díẹ̀ ló sì lè yí iye rẹ̀ padà. Bí ọmọ yín bá fẹ́ fi fóònù ràn yín lọ́wọ́, kí ó máa wo ohun tí ìjọba kéde àti ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ń rà. Ìyẹn wúlò ju iye owó àná lọ.

Mo mọ̀ pé ọmọ yín lè sọ pé òun kà á pé títẹ̀ lé ohun tó ń gòkè máa ń pèrè. Kò purọ́, ibì kan wà tí wọ́n ti rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Jegadeesh àti Titman, wo ìpín okòwò àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà láti 1965 sí 1989, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1993: ìpín tó ti ń gòkè láti oṣù mẹ́ta sí méjìlá sábà máa ń bá a lọ fún oṣù díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìpín okòwò kì í san owó alábàárù, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, ó sì lè tà á láàárín ìṣẹ́jú kan bí nǹkan bá yí. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé méjì míràn, Barber àti Odean, wo àkáǹtì ìdílé 66,465 ní Amẹ́ríkà láàárín 1991 sí 1996, àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà jù lọ ló kẹ́yìn. Èrè tiwọn lọ́dún jẹ́ 11.4 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ọjà fúnra rẹ̀ mú 17.9 wá. Sísáré ló jẹ ìyókù.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òwò orí fóònù ni wọ́n ń pe ọmọ yín sí, níbi tí wọ́n ti ń fi owó àwìn ta lé gígòkè àti wíwálẹ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò nílẹ̀ Yúróòpù sọ ní 2018 pé nínú àkáǹtì ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn lásán tó ń ṣe irú òwò àwìn bẹ́ẹ̀, láti 74 dé 89 ló ń pàdánù. Àpò sóyà yín tí kò tà, ẹ ṣì lè fi ṣe wàrà sóyà.

Ẹ béèrè bóyá orí ló ń ṣe é. Orí wà níbẹ̀, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, òun ló sì ń mú kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ rò pé orí òun ò dára. Ká ní ẹ tẹ̀ lé ọjà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó bọ́ sí i lẹ́ẹ̀meje, ẹ sì jèrè 1,000 lórí àpò nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mẹ́ta tó kù, ọjà já lójijì, ẹ pàdánù 3,000 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jèrè 7,000, ẹ pàdánù 9,000. Ẹnu ọjà á máa yìn yín pé ẹ mọ ọjà rà, nítorí ìgbà méje nínú mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ yín ń ṣẹ, owó yín á sì máa dín. Ìdí nìyẹn tí mo fi rọ̀ yín pé nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan tó ti gòkè, kí ẹ má bi ara yín pé ìgbà mélòó ni yóò bọ́ sí i. Ẹ bi ara yín pé bí kò bá bọ́ sí i, èló ni yóò mú lọ? Bí èyí tó máa mú lọ bá tó owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí owó tí ẹ fi ń ra ọjà míràn, ẹ fi í sílẹ̀, kódà kó dà bí ẹni pé ó dájú. Ẹ má sì fi owó èlé rà á láé. Ọjà tí ẹ fi owó ara yín rà lè dúró dè yín di ọ̀sẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó yá yín lówó kò ní dúró.

Nígbà náà, kí ni kí ẹ máa wò? Ẹ tètè dé Glazoué. Àwọn ọkọ̀ ẹrù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ọjà Ọjọ́rú tó kún. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù, ẹ má tíì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ná an. Ibo ni ọkọ̀ yìí ń lọ? Ta ni yóò gbà á? Ṣé yóò tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Bí onímọ́tò bá ní Cotonou ni, tó sì ní wọ́n ti ní kí òun padà wá lẹ́ẹ̀mejì sí i, ìdí wà nílẹ̀ tó lè dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá jẹ́ pé àwọn alágbàtà bíi yín nìkan ló ń rà lọ́wọ́ ara wọn, tí ẹrù kan náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láìkúrò nínú ọjà, iye náà ń gòkè láìsí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Irú gígòkè yẹn kì í pẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín àpò, ẹ má wo orí rẹ̀. Bó bá gbóná níkùn, kò gbẹ. Ẹ fi eyín bu hóró sóyà kan. Bó bá fọ́ pé kẹ́ẹ̀, ó dára. Bí eyín bá wọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, omi wà nínú rẹ̀, owó omi lẹ̀ ń san, oṣù méjì sí i àpò náà á ti fúyẹ́. Ní ti àgbàdo, ẹ wá ìyẹ̀fun. Kòkòrò kan wà tó ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà wá, tó wọ Togo àti Benin ní àárín àwọn ọdún 1980. Ó ń lu hóró àgbàdo títí yóò fi sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Bí ìyẹ̀fun funfun bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín nígbà tí ẹ fà á jáde, gígòkè kankan ò ní san án padà fún yín bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ẹ máa fi ṣáájú àwọn yòókù nìyí o. Ọmọ yín kò lè rí i láti Cotonou, kò sì sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni.

Ó ku àpò mẹ́fà tó wà nínú yàrá yín. Ẹ gbàgbé iye tí ẹ fi rà á. Owó yẹn ti lọ, oníbàárà kò sì ní bi yín léèrè rẹ̀. Ẹ bi ara yín pé: ká ní owó ló wà lọ́wọ́ mi lónìí, tí kì í ṣe sóyà, ṣé màá fi ra sóyà ní iye tí wọ́n ń tà á báyìí? Bí ẹ bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ sì lè dárúkọ ìdí kan tó ṣì wà nílẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdí kan ṣoṣo tí ẹ ní ni pé ẹ ò fẹ́ pàdánù, ẹ tà á, kí owó náà lè padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ̀pà tuntun tó jáde ní oṣù Keje. Bí ọkàn yín bá ṣe méjì, ẹ ta mẹ́ta, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí mẹ́ta náà dúró di oṣù Kẹwàá tí sóyà tuntun máa dé.

Àwọn mẹ́ta tí ẹ bá fi sílẹ̀, ẹ má tíì kó wọn lọ sí Glazoué. Àgbẹ̀ máa ń wá irúgbìn sóyà nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀, ní oṣù Kẹfà sí Keje, bẹ́ẹ̀ sóyà kì í pẹ́ kó tó pàdánù agbára láti hù. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún hóró láti inú àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ fi aṣọ tútù wé e, ẹ máa wọ́n omi sí i lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ ka iye tó hù. Bó bá tó 80, ẹ kéde ní abúlé pé ẹ ní irúgbìn, ẹ fi èyí tó hù han àgbẹ̀ tó bá wá, ó lè san ju ohun tí alágbàtà Glazoué máa san lọ.